ÈGÉ AṢỌ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ ÀTI ÌWỌ̀N AṢỌ ÌBORA

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ti aṣọ tí a fi ń lọ sí òde ìyàwó, bí kò ṣe ti aṣọ tí a fi ń bo ara lórí ibùsùn. Ilé tí kò ní àpò kan ní igun yàrá, tí ègé aṣọ kún inú rẹ̀, kò pọ̀ ní ìlú. Àgékù aṣọ ẹbí ń bẹ níbẹ̀, èyí tí télọ̀ dá padà ń bẹ níbẹ̀, ìró àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti gbó ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ ṣì le ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin ilé a máa wí pé àwọn yóò fi wọ́n rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kúílìtì. Wọn a gbé àlùmọ́gàjí, wọn a gé aṣọ náà wẹ́wẹ́, wọn a fi oṣù méjì rán an. Nígbà tí wọ́n bá sì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, kò ní dé ẹsẹ̀. Kí ni ó fà á? Wọ́n ka aṣọ, ṣùgbọ́n wọn kò ka ohun tí abẹ́rẹ́ yóò jẹ nínú rẹ̀.

Àwa mọ̀ pé àwọn kan yóò yínmú sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò ní àmì òṣì ni àbùlẹ̀ jẹ́, àti pé ẹni tí Ọlọ́run bá bùkún fún kò ní ohun tí yóò fi í ṣe. Ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ojú ihò kí ihò má baà hàn, ọ̀tọ̀ ni. Ègé tí a mọ̀ọ́mọ̀ gé ní ìwọ̀n kan náà, tí a sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí àwọ̀ kan lè gbé àwọ̀ kejì yọ, ọ̀tọ̀ ni. Èyí èkejì ni a ń sọ. Owó ńlá ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń ná lórí rẹ̀ lónìí, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò rí aṣọ ìbora mìíràn rà.

Nǹkan tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń ti ibùsùn bẹ̀rẹ̀: wọn a wọn ibùsùn, wọn a wí pé, “Báyìí ni mo fẹ́ kí ó tóbi tó,” wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ìyẹn dára fún ẹni tí ó lè padà lọ sí ọjà bí aṣọ bá tán. Ṣùgbọ́n ìró tí ìyá ẹni fi sílẹ̀ kí ó tó kú, ọjà wo ni a ó ti lọ ra òmíràn kún un? Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ní ìwọ̀n, láti inú aṣọ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó mọ bí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lè tóbi tó, kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí abẹ́rẹ́ ń jẹ. Bí a bá gé ègé onígun mẹ́rin kan tí ó jẹ́ íǹṣì 5 ní ìbú àti 5 ní òòró, a kò lè rán an mọ́ èkejì láìjẹ́ pé a fi etí díẹ̀ sílẹ̀ fún okùn láti dì mú. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi ìdámẹ́rin íǹṣì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdámẹ́rin ní ọ̀tún, ìdámẹ́rin ní òsì: ààbọ̀ íǹṣì ti lọ ní ìbú. Bákan náà ni ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ègé tí ó jẹ́ íǹṣì 5 nígbà tí a gé e, íǹṣì 4½ péré ni yóò hàn lójú aṣọ nígbà tí a bá rán an tán. Ẹni tí ó bá tò 16 lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì ń retí íǹṣì 80, 72 ni yóò rí.

Àwọn ahunṣọ wa ní Ìṣẹ́yìn ti mọ irú ìṣirò yìí láti ìgbà pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti wọn rọrùn ju tiwa lọ. Aṣọ òfì tí a ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́ kì í fẹ̀. Ìbú rẹ̀ a máa tó nǹkan bí íǹṣì 4. A ó hun ún ní gígùn gbọọrọ, a ó gé e sí òòró tí a fẹ́, a ó sì máa rán ègé mọ́ ègé ní ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi di ìró tàbí agbádá. Bí gbọọrọ kan bá gùn tó ọ̀pá 36, tí a sì gé e ní ọ̀pá méjì-méjì, ègé 18 ni yóò jáde. 18 lọ́nà 4 sì jẹ́ íǹṣì 72, èyí tí í ṣe ọ̀pá 2. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìṣirò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyẹn, yálà sányán ni o, tàbí ẹtù, tàbí àlàárì. Ìdí rẹ̀ ni pé òwú ìdábùú a máa yí padà ní etí aṣọ òfì, etí náà a sì dì. Kì í tú. A lè fi etí kan etí, kí a sì rán wọn pọ̀, kí abẹ́rẹ́ má jẹ ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ańkárá tí a fi àlùmọ́gàjí gé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní etí tí ó dì rárá. Bí a bá rán an ní bèbè, ìfọ̀ kan ṣoṣo ni yóò tú u. Nítorí èyí ni a fi gbọ́dọ̀ san owó ibodè ìdámẹ́rin íǹṣì yẹn.

Owó ibodè yìí kò sì dọ́gba lórí gbogbo ẹrù. Bí ègé bá ti kéré tó ni ohun tí a ń san ń pọ̀ tó. Ègé íǹṣì 10 di 9½. Ohun tí ó sọnù lójú rẹ̀ kò pé ìdámẹ́wàá. Ègé íǹṣì 5 di 4½. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdámárùn-ún ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ègé íǹṣì 2½ di 2, ó sì pàdánù ju ìdámẹ́ta lọ. Ẹni tí ó bá gé ọ̀pá 3 aṣọ sí ègé kéékèèké íǹṣì 2½, ó ti sọ ju ọ̀pá kan lọ di etí tí ẹnikẹ́ni kò ní fojú rí. Ègé kéékèèké lẹ́wà, àwa kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò pọ̀ mọ iye tí ó ń ra ẹwà náà.

Wàyí o, bí ègé bá ti wà ní gígé tẹ́lẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ ìwọ̀n tí yóò jáde? Ẹ jẹ́ kí a mú ègé 200, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 5. Ibùsùn tí a ń tà ní ọjà ní ẹsẹ̀ bàtà 4½ sí 6 jẹ́ íǹṣì 54 ní ìbú àti 72 ní òòró. Ìbú rẹ̀ sí òòró rẹ̀ dàbí 3 sí 4. Nítorí náà, a ń wá nọ́mbà méjì tí ó dàbí 3 sí 4, tí a bá sì sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì, tí kò ní kọjá 200. Ègé 12 ní ìbú àti 16 ní òòró ni: 12 lọ́nà 16 jẹ́ 192, ègé 8 sì kù. Ègé 12, ní íǹṣì 4½, jẹ́ íǹṣì 54. Ègé 16 jẹ́ íǹṣì 72. Ó bo orí ibùsùn náà gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ aṣọ ìbora tí kò ṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́? Bí a bá fẹ́ kí ó ṣẹ́ sílẹ̀ ní íǹṣì 9 ní ọ̀tún, ní òsì àti ní ẹsẹ̀, ó di íǹṣì 72 sí 81. Ìyẹn jẹ́ ègé 16 lọ́nà 18, èyí tí í ṣe 288. Ẹ wò ó: íǹṣì 9 péré ni a fi kún ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ègé 96 ni ó sì béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó má ṣe já gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tún un gé. Kí ó ra aṣọ aláwọ̀ kan ní ọ̀pá 2, kí ó gé e ní íǹṣì 9½ ní fífẹ̀, kí ó sì fi ṣe ìgbátí yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Àwọn tí ojú wọn mọ́ aṣọ yóò tilẹ̀ wí pé ìgbátí náà ni ó jẹ́ kí àárín rẹ̀ hàn.

Ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣòwò ti sọ gígé aṣọ di ọjà. Wọn a gé e pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọn a dì í jọ, wọn a sì tà á fún àwọn aránṣọ. Ìdì kan a máa ní ègé 42 tí ó jẹ́ íǹṣì 5. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí ó má ṣe rò pé òun ti ní aṣọ ìbora: 6 lọ́nà 7 ni, íǹṣì 27 sí 31½, èyí tí ó tó ọmọ ìkókó. Ìdì 4 jẹ́ ègé 168, tàbí 12 lọ́nà 14. Ìlà méjì ni yóò kù kí ó tó bo ibùsùn tí a ti sọ. Ìdì 5 ni ẹni náà ní láti ní.

Irú kan sì tún wà tí ilé iṣẹ́ Moda sọ ní Jelly Roll, tí í ṣe ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ 40 tí a ká jọ bí ẹní. Ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 2½, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 42. Bí a bá rán wọn mọ́ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe aṣọ òfì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò di íǹṣì 2. A ó sì ní aṣọ tí ó jẹ́ 42 sí 80, gígùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, tí kò sì fẹ̀. Nítorí náà àwọn aránṣọ wọn gbọ́n ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n á rán ogójì náà ní orí sí ìdí títí yóò fi di okùn aṣọ kan ṣoṣo, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, wọ́n á rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á gé ojú ìṣẹ́po rẹ̀, wọ́n á tún ṣẹ́ ẹ po, títí di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọ̀já ẹyọ kan di 2, ó di 4, ó di 8, ó di 16, ó di 32. Aṣọ tí ó jáde yóò jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 52 sí 64. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò ojú aṣọ méjèèjì, ẹ ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Aṣọ kò pọ̀ sí i. Ìrísí rẹ̀ nìkan ni ó yí padà, ọ̀kan sì wúlò lórí ibùsùn ju èkejì lọ.

Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tíì di gígé ní àǹfààní ju gbogbo àwọn wọ̀nyí lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n ègé wà. Ìbú ańkárá a máa tó íǹṣì 45 tàbí 46. Ẹ jẹ́ kí a gé etí tí wọ́n tẹ orúkọ sí kúrò, kí a fi 44 ṣe ìṣirò. Ọ̀pá 6 jẹ́ íǹṣì 216 ní òòró. Bí a bá gé e ní íǹṣì 5, ègé 8 ni yóò jáde ní ìbú, íǹṣì 4 yóò sì ṣòfò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ègé 344 ni gbogbo rẹ̀, aṣọ tí a ó sì rí nínú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 76½ sí 90. Ṣùgbọ́n bí a bá gé e ní íǹṣì 5½, ègé 8 náà ni yóò jáde ní ìbú, láìsí ohun tí ó ṣòfò níbẹ̀, nítorí 8 lọ́nà 5½ jẹ́ 44 gẹ́lẹ́. Ègé 312 ni gbogbo rẹ̀, ó kéré sí ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n íǹṣì 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò hàn, aṣọ náà yóò sì jẹ́ íǹṣì 75 sí 100. Ègé dín, aṣọ pọ̀. Kí a tó gé aṣọ, kí a kọ́kọ́ bi ìbú rẹ̀ léèrè nọ́mbà tí ó lè pín in láìṣẹ́kù.

Ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan ń bẹ tí a ń pè ní Gee's Bend, níbi tí àwọn obìnrin adúláwọ̀ ti fi ìran dé ìran rán aṣọ ìbora láti inú aṣọ oko tí ó ti gbó. Ní 1942, lẹ́yìn tí ọkọ Missouri Pettway kú, ó kó àwọn aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jọ, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ Arlonzia sì rán wọn di aṣọ ìbora, kí ó lè máa fi rántí rẹ̀, kí ó sì lè máa sùn lábẹ́ rẹ̀. Ní 2002, àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Houston àti ní New York pàtẹ àwọn aṣọ Gee's Bend fún aráyé wò. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sára òǹtẹ̀ lẹ́tà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti wí pé àtò ìlà irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fara jọ ti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà; àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wù wá nínú ìtàn náà ni pé ṣòkòtò àti ẹ̀wù ọkùnrin kan ni gbogbo aṣọ tí obìnrin yìí ní fún iṣẹ́ náà. Kò sí ọjà tí ó lè ti ra sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú un wá sí ilé. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ìyá kan di olóògbé, ó fi ìró ańkárá 6 sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ jẹ́ 4. Ìró 6 kò ṣeé pín fún ọmọ 4 láìsí pé ẹnì kan gba 2 tí ẹlòmíràn sì gba ẹyọ kan. Àwa náà sì mọ irú ọ̀rọ̀ tí í jáde nínú ẹbí lórí irú ìpín bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá fohùn ṣọ̀kan pé kí a rán aṣọ ìbora mẹ́rin, kí ìró kọ̀ọ̀kan wà nínú ti olúkúlùkù wọn, a jẹ́ pé ìṣirò ni yóò parí ìjà. Ìró kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá 2, ṣùgbọ́n ó ti gbó létí. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ibi tí ó ṣì le jẹ́ íǹṣì 44 sí 66. Bí a bá gé e ní íǹṣì 5½, 8 ní ìbú, 12 ní òòró, ègé 96 ni. Ìró 6 yóò fún wa ní 576. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba 144, ègé 24 láti inú ìró kọ̀ọ̀kan. 12 lọ́nà 12 ni: aṣọ tí ó jẹ́ íǹṣì 60 ní ìbú àti 60 ní òòró. Ó fẹ̀ ju ibùsùn ẹsẹ̀ bàtà 4½ lọ, kìkì òòró ni kò tó; ìgbátí íǹṣì 6 ní orí àti íǹṣì 6 ní ẹsẹ̀ yóò sì sọ ọ́ di 72.

Ká ní pé wọ́n ti fi ìwàǹwára gé àwọn ìró náà sí íǹṣì 2½ nítorí pé ó wù wọ́n lójú ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan ìbá ní ègé 663, aṣọ tí yóò sì ti inú rẹ̀ jáde kò ní ju íǹṣì 50 sí 52 lọ: aṣọ ìtẹ́jú àga ni, kì í ṣe aṣọ ìbora. Ìyàtọ̀ ńlá sì ni èyí, nínú ìró ìyá kan náà. Bí wọ́n bá sì gé e ní íǹṣì 11, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ègé 36, yóò sì rí aṣọ tí ó jẹ́ 63 sí 63. Ó tóbi jù wọ́n lọ, òdòdó ara ìró yóò sì hàn dáadáa nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, èyí ni a ó gé, nítorí ọmọ tí ó bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ yóò lè nàka sí ìró tí ìyá rẹ̀ ró ní ọjọ́ kan pàtó.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò yìí dúró lé e pé ọwọ́ aránṣọ kò yẹ̀. Télọ̀ tí ó ti mọ́ lára láti máa fi etí ńlá sílẹ̀ nínú ẹ̀wù àti ṣòkòtò yóò ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú bí a kò bá kìlọ̀ fún un. Kí a kọ́kọ́ rán ègé 3 pọ̀ nínú aṣọ mìíràn, kí a sì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ègé 3 tí ó jẹ́ íǹṣì 5½ gbọ́dọ̀ jẹ́ 15½ nígbà tí a kò tíì rán etí òde. Bí ó bá jẹ́ 15, a jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ń jẹ ìdámẹ́rin íǹṣì ju bí ó ti yẹ lọ ní ojú ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdámẹ́rin íǹṣì dàbí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nínú ègé 12, ojú ìránpọ̀ 11 ni ó wà. Íǹṣì 2¾ ti lọ nìyẹn ní ìbú, òmíràn bẹ́ẹ̀ sì ti lọ ní òòró.

Kí a fọ gbogbo aṣọ kí a tó gé e, pàápàá èyí tí ó bá jẹ́ tuntun láàrin wọn, nítorí aṣọ òwú a máa sún kì nínú omi; bí àdìrẹ bá sì wà nínú rẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró yóò kun àwọn tí ó múlé gbè é. Ní ti aṣọ abẹ́, ẹni tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 60 sí 72 kò lè fi ẹyọ ìbú ańkárá kan bo ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó ra ọ̀pá 4½, kí ó gé e sí méjì ní àárín, kí ó rán méjèèjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Yóò rí íǹṣì 4½ tí yóò ṣẹ́kù ní orí àti 4½ ní ẹsẹ̀, èyí tí ó nílò, nítorí aṣọ a máa fà díẹ̀ bí a ti ń rán òkè mọ́ abẹ́. Àwọn Òyìnbó a máa fi òwú sí àárín méjèèjì nítorí òtútù ilẹ̀ wọn. Ní etí òkun níhìn-ín, aṣọ abẹ́ nìkan ti tó. Ẹni tí ó bá ń gbé ní òkè, tí ọyẹ́ ń mú, lè fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí i láàrin.